Ọ̀dínátọ̀ Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bò Lójú

Ọ́fíìsì kan wà ní Bassila tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹni tó ṣì ní ìwé láti gbà níbẹ̀ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ìwé ìbí tẹ̀ fún ọmọ tí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀dínátọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà, ló wà níbẹ̀. Orúkọ ọmọ Bassila, ọmọ Manigri, ọmọ Alédjo títí dé Doguè, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn kóra jọ sí bí èso kajú nínú àpò. Ọ̀dínátọ̀ náà ti darúgbó. Tó bá ń jí láàárọ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbàlagbà tó ń gun òkè, ṣùgbọ́n á jí, á sì kọ ọ́ sójú pé: Ẹ káàbọ̀, Saliou.

Saliou yìí ni ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti lọ ń gbin iṣu rẹ̀, kò sì da ẹnikẹ́ni láàmú mọ́, àfi Ọ̀gá Souradjou tó gba ipò rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń béèrè pé ta ni Ọ̀gá Souradjou, ó dájú pé ẹ kò tíì kọjá níwájú ọ́fíìsì rẹ̀ rí. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Bíìkì ìkọ̀wé mẹ́rin tó tò sí àpò àyà á tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ á wá dé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọlúwàbí ń kí òun: kí wọ́n kí òun gẹ́gẹ́ bíi dírẹ́kítọ̀, kí wọ́n kí òun gẹ́gẹ́ bí alhaji tó ń múra àtilọ, kí wọ́n sì kí àga òun. Bẹ́ẹ̀ ni, àga. Bí ọ̀gá kò bá sí nílé, àga ló dúró fún un. Akọ̀wé rẹ̀, Idrissou, ló mọ ìkíni náà jù lọ. Tí ọ̀gá bá sín, Idrissou á kọ aago tó sín sínú ìwé, á sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé gbogbo ilé dúpẹ́.

Iwájú àwọn méjì yìí ni Rahimatou dé ní ọjọ́ Ajé, láti Manigri, ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn, ìwé kékeré kan tó fi ọ̀rá wé lọ́wọ́.

Àgbẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀, iṣu àti kajú. Àkọ́bí wọn, Húsnà, wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdánwò CEP sì ń bọ̀. Nígbà tí Rahimatou ṣí àpótí láti mú ìwé ìbí ọmọ náà, ikán ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Igun kan péré tí òǹtẹ̀ wà ló ṣẹ́ kù. Olùkọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni òun máa fi orúkọ àwọn ọmọ ránṣẹ́, pé ọmọ tí kò bá ní ìwé, ó di àmọ́dún. Olùkọ́ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò mọ ohun tó sọ. Rahimatou mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti sọ fún òun náà rí pé ó di àmọ́dún, nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún méjìlá, nígbà tí àmọ́dún sì dé, ọkọ ló bá a dé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní kíláàsì àwọn àgbà, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ọmọ nínú, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ṣe ń so lẹ́tà pọ̀. Láti ọjọ́ tó ti rí iṣẹ́ ikán yẹn, oorun rẹ̀ kò jinlẹ̀ mọ́. Á jí, á na ọwọ́ wo Húsnà bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, bí ẹni pé àwọn ikán náà á tún wá jẹ ọmọ fúnra rẹ̀.

Ó ka pátákó ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, ó kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣí. Aago mẹ́wàá kọjá kí ikùn ọ̀gá tó yọ.

Idrissou tan ọ̀dínátọ̀. Ó mí hẹlẹhẹlẹ, ó jí, ó kọ ọ́: Ẹ káàbọ̀, Saliou. Rahimatou ti dìde pẹ̀lú ìwé rẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá Souradjou gbé ọwọ́ lé tábìlì.

“Idrissou, ṣé èmi ni Saliou?”

“Ẹ kì í ṣe Saliou rárá, Ọ̀gá. Saliou gan-an, kò tó ẹni tí ń jẹ́ Saliou níwájú yín.”

“Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń bọ́ ẹ̀rọ yìí ní iná. Oṣù mẹ́ta ló ti ń jẹ iná mi, tó ń kí ẹlòmíràn.”

Idrissou kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀dínátọ̀ jẹ̀bi àìmoore.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Nassirou, ará Manigri tó ń tún ọ̀dínátọ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì ọlọ́dà. Nassirou dé, ó gbọ́ ẹjọ́, ó ní ṣé orúkọ nìkan ni, pé ìṣẹ́jú kan ni òun máa fi pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dùn mọ́ni nìyẹn, àbí? Ẹ kò mọ ọ̀gá. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

“Ìṣẹ́jú kan?” ló wí. “Orúkọ mi, Souradjou, ìṣẹ́jú kan?”

Ó ní ibi tí Saliou bá ti gbé rí, òun kì í gbé ibẹ̀ láìfọ̀. Kí wọ́n fọ ọpọlọ ẹ̀rọ náà tán pátápátá. Ètò tó ń darí rẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n fi tuntun sí i, èyí tí kò gbọ́ orúkọ Saliou rí. Nassirou ṣàlàyé títí, ó ní kò sí ohun tó ṣe ètò náà. Idrissou ní kí ó má bá àgbà jiyàn, pé ọ̀gá mọ̀ nípa ọ̀dínátọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi fọwọ́ kàn án.

Rahimatou tún jókòó. Ó ka ọjọ́ sórí ìka: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Ó ṣì ku ọjọ́ nílẹ̀.

Nassirou kì í ṣe òmùgọ̀. Kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó kọ́kọ́ da gbogbo orúkọ àwọn ọmọ sínú dísíkì tirẹ̀, ó gbé e sí àpò, ó sì fi bọ́tìnì dé e. Ó wá yọ ètò àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó dá àwọn orúkọ padà sí àyè wọn. Kí ètò tuntun lè wọlé, ó ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé tó bá ti jí, ẹnu ni kó kọ́kọ́ wò, ibi tí wọ́n ń ki kilé USB, fúláàṣì kékeré yẹn, bọ̀, kó tó wo inú ara rẹ̀. Ó ní láti yí àṣẹ yìí padà nígbà tó bá parí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rọ náà jí, kò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́, ó kọ ọ́ gbàgàdà: Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá Dírẹ́kítọ̀ Àgbà Alhaji-lọ́la Sou. Ibẹ̀ ni àyè ti tán. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ náà fún Nassirou nìyẹn, ojú ẹ̀rọ kò sì gbà á tán.

Ọ̀gá wò ó, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Rahimatou rò pé ó tó àsìkò. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n tẹ ìwé kan ṣoṣo yẹn fún òun kí òun lè lọ. Ọ̀gá wò ó bí ẹni wo adìẹ tó wọ mọ́sáláásí. Ó ní ṣé ó fẹ́ kí ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ òun máa tẹ̀ jẹ́ ti ọmọ àgbẹ̀ kan ní Manigri, kí wọ́n tó ṣí i, kí òun tó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ìwé àkọ́kọ́ ńkọ́? Àwòrán òun ni. Ó ní kí Nassirou pa á, kí ó jáde, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́ títí di ọ̀la. Nassirou ní ó ku ohun kékeré kan tí òun fẹ́ tún tò. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ẹ fi sọ́kàn.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n tẹ́ ẹní láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí tábìlì. Rahimatou ti gun alùpùpù sẹ́míjàn láti Manigri fún ìgbà kẹta. Ọ̀gá Souradjou jáde wá nínú agbádá tó ń gbá ilẹ̀, ó gbé ohun kan sókè kí gbogbo ayé rí i. Kilé ni, kò ju ìka lọ. Àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀, rìbọ́nù aláwọ̀ mẹ́ta sì so mọ́ ọn bíi ti ẹṣin ọba. Inú kilé yẹn ni ọ̀rọ̀ ìṣíde rẹ̀ wà, ojú-ìwé mọ́kànlélógójì. Ó ní kí ẹ̀rọ tó la ojú, ọ̀rọ̀ òun ni kó kọ́kọ́ bá lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti kilé náà bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tẹ bọ́tìnì.

Ẹ̀rọ jí, ó wo ẹnu rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Nassirou ṣe pàṣẹ fún un. Ó bá ọ̀rọ̀ ojú-ìwé mọ́kànlélógójì níbẹ̀, ó sì dúró. Ta ni kò ní dúró? Ojú rẹ̀ dúdú, ó kọ lẹ́tà funfun díẹ̀ sí i. Èyí tó ṣáájú nínú wọn ni “Erreur”.

Ọ̀gá ka èyí tó ṣáájú yẹn, kò ka ìyókù.

“Àṣìṣe?” ló wí. “Ta ló ń bá wí?”

Idrissou ní kì í ṣe ọ̀gá ló ń bá wí, pé bóyá ó ń ròyìn ara rẹ̀. Wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án. Àṣìṣe. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìfi ọ̀kan pè méjì, lójú àlejò. Ọ̀gá Souradjou bọ́ sórí àga tí wọ́n máa ń kí, ó pe àṣẹ, Idrissou ń kọ. Àṣẹ kìíní: kò sí ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ sọ fún dírẹ́kítọ̀ pé àṣìṣe wà. Nítorí náà, kí wọ́n fi aṣọ bò ó lójú títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Wọ́n lọ mú léèsì funfun kan wá láti ilé ọ̀gá, wọ́n bo ẹ̀rọ náà bí ìyàwó tuntun.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀yin ará, ẹ ò bá wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje jókòó yí ẹ̀rọ tí wọ́n bò lójú ká. Ọ̀kan gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e lórí, ó ní ó gbóná. Ọ̀kan ní eruku kajú ni, pé àwọn ará Manigri ló ń gbé e wọlé lára aṣọ. Wọ́n lé gbogbo ará Manigri jáde, Rahimatou sì di ẹni tó ń wòran lójú fèrèsé. Wọ́n pààrọ̀ wáyà. Wọ́n pààrọ̀ tábìlì. Wọ́n gbé fáánù sí i nídìí, wọ́n gbé fáánù kúrò nídìí rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yìí, kilé wà lẹ́nu rẹ̀, rìbọ́nù ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má ní wọn kò rí i. Wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí àgbà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀, ọmọdé kì í gbé e kúrò láìgba àṣẹ, ta ló sì fẹ́ lọ gba irú àṣẹ yẹn? Ẹni tó gbá ilẹ̀ àyíká rẹ̀ gan-an fi ìgbálẹ̀ yà fún òjìji rìbọ́nù náà.

Nígbà tó rẹ ìgbìmọ̀, wọ́n pinnu pé ọ̀tá ló wà ńbẹ̀. Àṣẹ kejì lé Nassirou kúrò láyìíká ọ́fíìsì. Àṣẹ kẹta ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ, ó sì fi gbogbo bíìkì mẹ́rin buwọ́ lù ú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀: ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá ẹ̀rọ yìí dúró, bó ti wù kó tóbi tó, kò gbọdọ̀ jókòó lórí àga kankan nínú ọ́fíìsì yìí mọ́.

Nassirou dúró sí òdìkejì ọ̀nà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń gbọ́. Rahimatou lọ bá a. Ó bi í pé ṣé orúkọ ọmọ òun ti ṣègbé nìyẹn.

“Kò ṣègbé, ìyá Húsnà. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, mo kà wọ́n.”

“Kí ló wá ń ṣe é?”

“Ó ti kọ ọ́ sójú. Ẹ̀rọ kì í dákẹ́, ohun tó bá ń ṣe é ló máa ń kọ síta. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bò ó.” Ó fi ẹsẹ̀ ta òkúta kan. “Mo ní kí wọ́n kà á fún mi lójú fèrèsé. Idrissou ní ohun tí ọ̀gá kò bá kà, kò wà.”

Rahimatou gun sẹ́míjàn padà sí Manigri. Húsnà ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, kò sì béèrè nǹkan kan. Ọmọ tó bá béèrè ì bá sàn. Ó kàn yí padà, ó ń gún iyán rẹ̀ lọ.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ìròyìn dé Manigri pé ọ̀dínátọ̀ ń bọ̀ wá kí ìlú. Bó ṣe jẹ́ nìyí: Madáàmù Hafsatou, ọ̀gá tó ń bojú tó gbogbo irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa, ń gba ojú títì ọlọ́dà bọ̀ lọ́jọ́ náà, Manigri ni yóò sì kọ́kọ́ kàn kó tó dé Bassila. Ọ̀gá Souradjou ní òun kò ní dúró kí ẹlòmíràn ròyìn òun. Òun máa lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ẹ̀rọ, pẹ̀lú aṣọ lójú ẹ̀rọ, kí obìnrin náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àwọn ọ̀tá ṣe. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ó ti gbọ́ pé iná Manigri tutù ju ti Bassila lọ, pé bóyá ẹ̀rọ náà á fẹ́ràn rẹ̀.

Wọ́n gbé ọ̀dínátọ̀ sí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, òun nìkan, wọ́n fi bẹ́líìtì dè é. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tẹ̀lé e lórí sẹ́míjàn, Idrissou sì gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sórí itan. Rahimatou rí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ó rántí pé nígbà tí ibà dá ọmọ ọwọ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, orí ẹrù iṣu ni wọ́n gbé òun àti ọmọ lé dé Bassila.

Abẹ́ igi kajú ńlá kan lẹ́bàá títì ni wọ́n tẹ́ tábìlì sí. Wọ́n nílò iná. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó súnmọ́ ibẹ̀ ni ti Nassirou. Ẹni tí wọ́n lé, wọ́n fi wáyà gba iná rẹ̀, wọn kò sì kí i.

Madáàmù Hafsatou dé. Obìnrin kúkúrú ni, bàtà rẹ̀ ti gbó, ó ń jẹ iṣu sísun nínú bébà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n yá nílé oníṣu, ó ní kí wọ́n máa sọ. Ọ̀gá Souradjou dìde. Ìṣòro kékeré kan wà: ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú kilé, kilé wà nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò sì jí. Ìkíni nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ó kí ìjọba. Ó kí títì. Ó kí àwọn tó la títì, ó kí igi kajú, ó kí àwọn tó ń gbin kajú láìdárúkọ wọn. Ó kí bẹ́ǹṣì tí Madáàmù jókòó lé. Nígbà tí yóò fi parí, iṣu ti tán lọ́wọ́ Madáàmù, ó sì ti ka bébà tí wọ́n fi wé e.

Ọ̀gá wá ní kí Idrissou ka àṣẹ kẹta sókè, kí Manigri gbọ́, kí ẹni tó ṣe é lè gbọ̀n níbi tó wà. Idrissou kà á bí ẹni ń pe àdúrà, ó ń wo Nassirou: ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá ẹ̀rọ yìí dúró, bó ti wù kó tóbi tó.

“Ó ti yé mi,” ni Madáàmù wí. “Kí ló wá ń ṣe ẹ̀rọ náà?”

Ọ̀gá ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀méje. Ó ní gẹ́gẹ́ bí onímọ̀, òun lè sọ pé ó ń ṣàárẹ̀. Yóò gba oṣù mẹ́ta. Ó ní kí àwọn ará Manigri lọ ní sùúrù.

Oṣù mẹ́ta. Ọmọ tó wà lẹ́yìn Rahimatou bẹ̀rẹ̀ sí í ké, bí ẹni pé òun náà ka ọjọ́ sórí ìka. Rahimatou sọ̀ ọ́, ó gbé e síwájú, ó fi ìka yẹ ẹnu rẹ̀ wò kó tó fún un ní ọmú, nítorí ọmọ yìí kò rí èso tí kì í jù sẹ́nu. Ìgbà tí ìka rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì. Ó rí aṣọ. Ó rí rìbọ́nù.

Kò mọ ìgbà tó dìde. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹ̀yìn fi ń béèrè kí ló wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Madáàmù. Ọmọ tó ń ké, tí ẹ bá fi aṣọ bò ó lójú, báwo ni ẹ ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe é?”

Idrissou pàṣẹ kó jókòó. Madáàmù Hafsatou gbé ọwọ́ sókè sí Idrissou láìwò ó. Ó ní kí obìnrin náà súnmọ́ ọn, kó ká aṣọ náà.

Rahimatou ká léèsì. Wọ́n ti tan ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀, lẹ́tà funfun wà níbẹ̀ bó ṣe wà láti Ọjọ́rú, ó ń dúró de ẹni tó máa kà á. Èdè Faransé ni. Èyí tó mọ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì àwọn àgbà, olùkọ́ wọn máa ń kó wọn lọ ka pátákó ara ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ Retirez sí fún ẹni tó bá fẹ́ yọ owó, ó ní kí wọ́n tó béèrè lọ́wọ́ ẹni, kí wọ́n ka ohun tó wà níwájú wọn. Rahimatou gbé ìka lé e. Ó fo “Erreur”, ó lọ sí ìlà kejì, Retirez le disque, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so lẹ́tà pọ̀, gbogbo Manigri sì ń bá a mí.

“Rẹ́. Ti. Ré.” Ó so ìyókù pọ̀ dé ìparí. “Ẹ yọ ọ́. Ó ní kí ẹ yọ ọ́. Nǹkan kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò lè gbé mì. Kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì tẹ ibikíbi.”

Ó ti na ọwọ́ sí kilé, ọwọ́ náà sì dúró lójú ọ̀nà, nítorí ó ṣe tán, ọmọ Manigri lòun náà. Ó wo Madáàmù.

“Ta ló fi í síbẹ̀?” ni Madáàmù béèrè.

Àwòrán ẹni náà wà lára kilé náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ọwọ́ tó tì í bọ ibẹ̀ ni kó yọ ọ́,” ni ìyàwó oníṣu wí láti ẹ̀yìn, ẹni tó ni bẹ́ǹṣì.

Ọ̀gá Souradjou gbé ara rẹ̀ wá sídìí tábìlì. Agbádá rẹ̀ há mọ́ igun, ó fà á, ó ya díẹ̀. Ó di rìbọ́nù mú, ó fà, kilé jáde pẹ̀lú ariwo kékeré, irú èyí tí ìdérí ìgò máa ń ṣe. Madáàmù ní kí Rahimatou tẹ ibikíbi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe wí. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan, ó tètè fa ìka náà padà.

Ẹ̀rọ wo ẹnu rẹ̀, kò bá nǹkan kan. Ó wo inú ara rẹ̀, ó jí. Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá Dírẹ́kítọ̀ Àgbà Alhaji-lọ́la Sou.

Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ṣáájú mọ́.

Madáàmù Hafsatou kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Idrissou jọ̀ọ́, kí ó tún àṣẹ kẹta yẹn kà fún òun, pé òun kò gbọ́ ìparí rẹ̀ dáadáa. Idrissou kà á. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ti tán. Nígbà tó dé “bó ti wù kó tóbi tó”, ètè nìkan ló ń mì.

“Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, Ọ̀gá Souradjou,” ni Madáàmù wí. “Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ sì fi bíìkì mẹ́rin buwọ́ lù ú. Ìwé tó lẹ́wà ni.”

Bí ọ̀gá ṣe kúrò lórí àga nìyẹn. Wọ́n gbé e lọ sí ibùdó kékeré kan lọ́nà Doguè, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kọ orúkọ àwọn tó wá gba irúgbìn. Orí àpótí ló ń jókòó sí. Wọ́n ní ó ṣì ń retí kí wọ́n kí àpótí náà, ṣùgbọ́n àwọn ará Doguè ní iṣẹ́ oko. Kilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ojú-ìwé mọ́kànlélógójì yẹn, ilẹ̀ sì ń mọ́, òòrùn sì ń wọ̀.

Ti Idrissou ńkọ́? Kí eruku mọ́tò ọ̀gá tó rọlẹ̀, ó ti yí padà, ó ti dọ̀bálẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì oníṣu, ó ń kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Madáàmù ní, “Idrissou, mo ti dìde níbẹ̀.” Ó sì ti dìde lóòótọ́; ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, pẹ̀lú Nassirou tí wọ́n ti pè jáde.

Nassirou ń bi í léèrè bóyá kí òun yọ orúkọ ọ̀gá kúrò lójú ẹ̀rọ, pé ìṣẹ́jú kan ni.

“Ẹ fi sílẹ̀,” ni Madáàmù wí. “Ẹ tẹ ìwé obìnrin yìí ná.”

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ké, ó pọ bébà kan jáde, ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ tuntun náà tẹ̀. Madáàmù lu òǹtẹ̀ sí i, ó nà án sí Rahimatou. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń tò, wọ́n ti ń ti ara wọn. Ẹlòmíràn ì bá gba ìwé, kó sì sá lọ sílé-ìwé kí ọ̀sán tó pọ́n. Rahimatou náà fẹ́ sáré, ọkàn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà olùkọ́. Ṣùgbọ́n ó dúró níwájú tábìlì náà, ó gbé ọmọ sí ìbàdí, ó gbé ìka lé ìlà àkọ́kọ́. Húsnà. Ó ka orúkọ bàbá. Ó ka orúkọ tirẹ̀. Ó ka ọjọ́, ó ka Manigri. Nígbà tó kà á tán, ẹ̀rù tún bà á, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Kò sí ẹnikẹ́ni tó ní kó yára.